Kí Àṣẹ Kọ́kọ́ Sọ Ohun Tó Fẹ́ Ṣe: Ìrírí Mi Lórí Ìtọ́jú Fáìlì

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ àti yíya fídíò ni mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjálá, oríkì ìdílé àti ìtàn ilé tí àwọn àgbàlagbà ń sọ, èyí tí àwọn ọmọ wọn ń pè mí pé kí n wá gbà sílẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì já gaara. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé títọ́jú ló le ju yíyà lọ. Fáìlì ìnáwó kan ṣoṣo lè kún fláàṣì, kámẹ́rà a máa sọ fáìlì òní ní orúkọ tó ti sọ ti oṣù tó kọjá, oníbàárà sì lè dé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ láti wá béèrè ohùn bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Bí fáìlì yẹn bá ti sọnù, a kò lè tún pe bàbá náà wá síwájú ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń tẹ àṣẹ sínú terminal, ìyẹn ojú fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, dípò kí n máa fi máúsì wọ́ fáìlì láti ojú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn. Linux ni mo ń lò jù, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣẹ tí mo fẹ́ dárúkọ jẹ́ ti Linux, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí Mac pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀. Níbi tí Windows bá ti ní tirẹ̀, màá sọ ọ́. Ohun kan ni mo máa ń wò kí n tó fọkàn tán irinṣẹ́ kankan: ṣé ó lè kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn mí, kó tó ṣe é? Èyí tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà.

Kí n tó gbé fáìlì kankan kúrò níbi tó wà, mo máa ń wo bí nǹkan ṣe rí ná. `df -h` ló ń sọ iye àyè tó kù lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, màá wọ inú fódà iṣẹ́, màá sì tẹ `du -h -d 1 | sort -h`. `du` ń wọn bí fódà kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, igi gbọọrọ tó dúró láàárín àṣẹ méjèèjì ń gbé ohun tí `du` bá rí fún `sort`, `sort -h` sì mọ̀ pé 2G ju 900M lọ, nítorí náà ó ń tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Àìmọye ìgbà ni ènìyàn ti gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi pé fídíò òun ti kún un, tí àṣẹ kékeré yìí sì fi hàn pé fáìlì onígbà díẹ̀ tí ètò àtúnṣe fídíò fi sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ló jókòó sórí àyè náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa tẹ àṣẹ lè fi `ncdu` sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì máa fi bọ́tìnnì ọlọ́fà rìn láti fódà dé fódà.

`find` ni mo fi ń wá nǹkan. `find . -type f -size +1G` ń kó gbogbo fáìlì tó ju gìgábáìtì kan lọ jáde, `find . -type f -mtime -7` sì ń kó èyí tí a yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan jáde. Agbára rẹ̀ kò mọ síbẹ̀, torí pé bí a bá fi `-delete` kún un, yóò pa ohun tó bá rí rẹ́, kò sì ní kó wọn sínú àpò ìdọ̀tí tí a ti lè tún wọn mú. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé `find` ń ka ọ̀rọ̀ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. `find . -name '*.tmp' -delete` yóò pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .tmp nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ `find . -delete -name '*.tmp'`, yóò ti kan ìparẹ́ kó tó dé orí orúkọ, gbogbo ohun tó wà nínú fódà ni yóò sì gbá lọ. Nítorí náà, a kì í kọ́kọ́ tẹ `-delete` rárá nínú ṣọ́ọ̀bù wa. A ó tẹ àṣẹ náà láìsí i, a ó ka orúkọ tó jáde, bó bá sì tẹ́ wa lọ́rùn, a ó tẹ ọfà tó dojú kọ òkè láti pe àṣẹ ọ̀hún padà, a ó wá fi `-delete` sí ìparí rẹ̀. Fún fáìlì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, `trash-put` tó wà nínú trash-cli, tó ń kó fáìlì sínú àpò ìdọ̀tí, ni mo ní kí wọ́n máa lò dípò `rm` tó ń pa á rẹ́, nítorí pé bí `rm` bá ti kọjá, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Irinṣẹ́ tí mo ń lò jù lọ ni rsync. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló ṣe é ní Australian National University ní Canberra, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1996. Ọ̀nà tí fáìlì tó wà níbi méjì fi lè bára mu láìjẹ́ pé a fi odindi rẹ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Kọ̀ǹpútà tó ń gbà yóò gé ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, yóò ṣírò àmì fún wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi àwọn àmì náà ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì yóò fi àwọn àmì yẹn yẹ ẹ̀dà tuntun wò, kìkì ibi tí wọn kò ti bára mu ni yóò sì fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí èrè tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná ló so mí mọ́ rsync ju ọ̀rọ̀ dátà lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí `cp` ń da fáìlì kọ, ààbọ̀ fáìlì lè wà níbi tí a ń kó o lọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹni tó bá sì wo fódà náà lẹ́yìn tí iná dé lè rò pé ó ti pé. rsync kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìgbà díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró ni ó ń fún fáìlì tó ń dà kọ lọ́wọ́, ìgbà tí fáìlì bá sì pé tán ló tó ń fún un ní orúkọ rẹ̀ gidi. Bí a bá tún tẹ àṣẹ kan náà nígbà tí iná dé, yóò fi bí fáìlì ṣe tóbi tó àti àkókò tí a yí i padà kẹ́yìn wéra, yóò fo èyí tó ti bára mu, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kù. Nítorí àkókò tó ń wò yìí, ẹni tó bá ti fi `cp` lásán kó ẹrù tẹ́lẹ̀ yóò rí i pé rsync tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí `cp` ń fún ẹ̀dà ní àkókò tuntun. `cp -p` ló ń pa àkókò àtijọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì ń gbà lọ, mo máa ń fi `--partial` kún un, kí apá tó ti dé òdìkejì má bàa ṣòfò bí ìlà bá já.

Ohun méjì wà tí ẹni tó bá fẹ́ lo rsync gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú. Èkíní ni ìlà dídà (/) tó máa ń wà ní ìparí orúkọ fódà tí a ń kó kúrò. `rsync -av Ijala/ /media/dísìkì/` yóò kó ohun tó wà nínú fódà Ijala dà sórí dísìkì, nígbà tí `rsync -av Ijala /media/dísìkì/` yóò gbé fódà náà fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀. Èkejì ni `--delete`, tó ń pa ohunkóhun rẹ́ ní òdìkejì bí kò bá sí i níbi tí a ti ń kó o wá. Ó wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ kí ibi méjì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí fódà tí a ti ń kó nǹkan bá ṣófo nítorí pé dísìkì rẹ̀ kò wọlé dáadáa: gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì kejì ni rsync yóò gbà pé a kò fẹ́ mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. `-n` ni ojú tiwa níhìn-ín. `rsync -avn --delete` yóò sọ orúkọ gbogbo fáìlì tó fẹ́ dà kọ, yóò sì kọ «deleting» síwájú gbogbo èyí tó fẹ́ pa rẹ́, láìfọwọ́ kan ọ̀kankan. Mo máa ń kà á dé ìsàlẹ̀ kí n tó yọ `n` kúrò. Robocopy ti Windows ní irú rẹ̀: `/MIR` ló ń mú ibi méjì rí bákan náà, `/L` ló sì ń mú kó to orúkọ jáde lásán.

Àwọn fláàṣì tí oníbàárà ń mú wá ní òfin tiwọn. FAT32, ọ̀kan lára àwọn ètò tí dísìkì fi ń to fáìlì, ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan tó bá tó gìgábáìtì mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè gìgábáìtì ọgbọ̀n ṣófo lórí rẹ̀; fún irú fídíò bẹ́ẹ̀, àfi kí a sọ fláàṣì náà di exFAT. FAT32 kì í tún ṣe ìtọ́jú àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì ló ń kà á, nítorí náà `rsync -rtv --modify-window=1` ni mo ń lò fún un, kó má bàa máa da fáìlì tí kò yí padà kọ léraléra. Kò gba àmì ìbéèrè àti àmì olójú-méjì nínú orúkọ fáìlì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ Linux gbà wọ́n láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó kan gbogbo àwa tó ń kọ Yorùbá sára fáìlì pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí a máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí fáìlì ohùn bá ń jẹ́ «Ogun», tí kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí bí ẹni tó ń wá a ṣe máa mọ̀ bóyá ìtàn ogun ni, tàbí oríkì Ògún, tàbí ọ̀rọ̀ nípa ogún pínpín, àyàfi kó ṣí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kọ lẹ́tà kan náà sílẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú «Ọdẹ.mp3». Fódà kan wá sọ́dọ̀ mi láti orí dísìkì Mac àtijọ́, «Ọdẹ.mp3» wà nínú rẹ̀, «Ọdẹ.mp3» mìíràn sì ti wà nínú fódà tèmi. Linux gbà kí àwọn méjèèjì jókòó sínú fódà kan ṣoṣo, orúkọ kan náà lójú ènìyàn, láìsí pé ọ̀kan gorí èkejì. Mo tẹ `ls | hexdump -C` kí n lè rí báìtì tó wà lábẹ́ orúkọ náà, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀. Nínú tèmi, Ọ jẹ́ báìtì mẹ́ta, e1 bb 8c, nítorí pé lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Nínú ti Mac, 4f cc a3 ni, ìyẹn O lásán tí àmì ìsàlẹ̀ wá tẹ̀ lé lọ́tọ̀. Ẹ kò rí i pé mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ báìtì kan kò jọra nínú wọn. HFS+ tí Mac lò tẹ́lẹ̀ máa ń tú lẹ́tà àti àmì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo orúkọ fáìlì, nígbà tó jẹ́ pé Linux kàn ń pa ohun tí a bá tẹ̀ mọ́. Bí lẹ́tà bá ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn papọ̀, bíi ọ́, ọ̀nà náà tún pọ̀ sí i, nítorí pé ó lè jẹ́ ọ tí àmì ohùn tẹ̀ lé, tàbí o tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé, tàbí ó tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Kíbọ́ọ̀dù tí ènìyàn fi tẹ̀ ẹ́ ló ń pinnu èyí tó máa jẹ́. Èyí ló fà á tí `find . -name 'Ọdẹ*'` fi lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan nígbà tí fáìlì náà wà lójú ẹ kedere.

Irinṣẹ́ tó yanjú rẹ̀ ni convmv. `convmv -r -f utf8 -t utf8 --nfc .` ń wọ inú fódà lọ, ó sì ń sọ gbogbo orúkọ di ọ̀nà kan ṣoṣo, níbi tí a ti so lẹ́tà àti àmì pọ̀ bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ẹni tó ṣe irinṣẹ́ yìí ronú jinlẹ̀: convmv kì í yí orúkọ kankan padà àfi bí a bá fi `--notest` kún un, kìkì ohun tí ìbá ṣe ni yóò máa sọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, gbogbo fáìlì tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láti ìta ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kó tó dé àárín àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ báìtì yìí tún ní ibòmíràn tó ti ń dí wa lọ́wọ́. Ext4, tó wà lórí ọ̀pọ̀ Linux, kì í gbà kí orúkọ fáìlì ju báìtì 255 lọ. Fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 255 nìyẹn. «Ọ̀rọ̀» tiwa jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú, ṣùgbọ́n báìtì mọ́kànlá ló gbà. Ẹni tó bá kọ orúkọ olóhùn, orúkọ ìlú, oríkì àti déètì sínú orúkọ fáìlì kan lè dé ẹnu ààlà náà kó tó mọ̀. Mo ti wá ń fi orúkọ kúkúrú sára fáìlì, tí mo sì ń kọ àlàyé gígùn sínú fáìlì ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màá sáré dárúkọ ohun kan nípa fáìrọ́ọ̀sì fláàṣì, nítorí pé ó wọ́pọ̀ ní àwọn ibi tí a ti ń tẹ ìwé ládùúgbò. Ènìyàn yóò ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, gbogbo fódà rẹ̀ yóò ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì, yóò sì máa sunkún pé iṣẹ́ òun ti lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀, fáìrọ́ọ̀sì kàn fi wọ́n pa mọ́ ni. Bí E bá jẹ́ lẹ́tà fláàṣì náà lórí Windows, `attrib -h -r -s /s /d E:\*.*` yóò mú wọn jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ṣọ́tíkọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn láti wò ó, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni fáìrọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Orí Linux ni mo ti máa ń ṣí irú fláàṣì bẹ́ẹ̀, níbi tí ṣọ́tíkọ́ọ̀tì Windows kò ti lágbára, tí fáìlì tí wọ́n fi pa mọ́ sì máa ń hàn láìsí àṣẹ kankan.

Ní ti fọ́tò, exiftool tí Phil Harvey ṣe ni mo fi ń fún wọn lórúkọ láti inú àkókò tí kámẹ́rà kọ sára wọn. `exiftool -d %Y-%m-%d_%H%M%S%%-c.%%e '-TestName<DateTimeOriginal' Foto/` yóò fi orúkọ àtijọ́ àti orúkọ tuntun hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí mo bá fi FileName rọ́pò TestName, yóò ṣe é. Kò lè ran fọ́tò tó gba orí WhatsApp wá lọ́wọ́, nítorí WhatsApp ń bọ́ àwọn àkọsílẹ̀ kámẹ́rà yẹn dànù, déètì tó sì wà nínú orúkọ tó fún fọ́tò kì í ṣe ti ọjọ́ tí a yà á. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n fi fọ́tò àgbà ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí document lórí rẹ̀, kí wọ́n má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa fáìlì inú káàdì kámẹ́rà rẹ́ ni mo máa ń ṣọ́ra jù. Pé ẹ̀dà wà lórí dísìkì kò tó fún mi. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí sí i. Nínú fódà tí fáìlì ti wá, màá tẹ `find . -type f -print0 | xargs -0 sha256sum > ~/eri.txt`. `-print0` àti `-0` ni kò jẹ́ kí àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ inú orúkọ fáìlì da nǹkan rú. `sha256sum` ń ka fáìlì kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀, ó sì ń ṣírò nọ́ńbà àti lẹ́tà 64 fún un. Bí báìtì kan ṣoṣo bá yí padà nínú fídíò wákàtí mẹ́ta, ohun tó máa jáde yóò yàtọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, màá wọ fódà ẹ̀dà, màá tẹ `sha256sum -c --quiet ~/eri.txt`. Bí kò bá sọ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ pé. Bí fáìlì kan bá ní àbùkù, yóò kọ FAILED sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, káàdì náà kò sì ní kúrò lórí tábìlì títí a ó fi tún fáìlì náà dà kọ.

Fáìlì eri.txt yẹn ń bá ẹ̀dà náà lọ síbikíbi tó bá ń lọ. Mo máa ń fi dánwò lórí àwọn dísìkì tó ti pẹ́ nínú àpótí, torí pé dísìkì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìṣe ariwo, fáìlì tó bá sì kọ FAILED lórí ọ̀kan ni mo ń mú ẹ̀dà rẹ̀ láti orí èkejì kó tó pẹ́ jù. Bí ọmọ oníbàárà bá wà ní London, tó gba fáìlì oríkì ìdílé wọn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo máa ń fi eri.txt ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ń lo Windows, `certutil -hashfile oriki.wav SHA256` ni yóò tẹ̀, yóò sì fi ohun tó jáde wé ohun tó wà nínú eri.txt, kó tó sọ fún mi pé mo lè yọ èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò.